Ta Ni Ó Ba Àlàáfíà Ìlú Jẹ́?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí a ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, ọmọkùnrin kékeré kan ké tòò lẹ́yìn wa bí a ti kọjú sí pátákó tí a ń kọ ìṣirò. A yíjú padà, a bá a ní ìdúró, omijé ń ṣàn ní ojú rẹ̀. A kò bèèrè ohunkóhun. A pè é jáde, a sì nà án ní pàṣán mẹ́ta nítorí tí ó da kíláàsì rú. Ó gba ìyà rẹ̀, ó padà lọ jókòó, gbogbo iyàrá sì pa rọ́rọ́. Inú wa dùn sí ìdákẹ́jẹ́ náà. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ jáde, ọmọbìnrin kan tọ̀ wá wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Tíṣà, ẹni tí ó jókòó tì í ti ń fi abẹ́rẹ́ gún un láti òwúrọ̀. Ó tilẹ̀ nawọ́ sókè ní ẹ̀ẹ̀mejì kí ó tó ké. Ẹ kò wo ibẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kò kúrò ní ọkàn wa títí di òní. Ariwo ni a gbọ́; abẹ́rẹ́ ni a kò rí. Ohun tí a sì pè ní àlàáfíà kíláàsì wa kì í ṣe àlàáfíà rárá, nítorí tí abẹ́rẹ́ ṣì wà ní ọwọ́ ẹni tí ó mú un.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ gbé ìbéèrè kan yẹ̀wò nínú ìwé ọdún yìí. Nígbà tí ìlú bá dàrú, ta ni ó ba àlàáfíà rẹ̀ jẹ́? Ṣé ẹni tí ó ké ni, tàbí ẹni tí ó gún un, tàbí ẹni tí ó yẹ kí ó gbọ́ tí kò gbọ́? Àwọn ìlú Amẹ́ríkà ni a ó fi ṣe àríkọ́gbọ́n, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti ń bi ara ẹni ní ìbéèrè yìí fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sì ti ṣàn lórí ìdáhùn rẹ̀. Àwọn tí ọ̀ràn náà kàn kì í sì ṣe àlejò sí wa pátápátá. Láti ilẹ̀ Áfíríkà ni a ti kó àwọn baba ńlá wọn ní ẹrú, ọmọ Yorùbá sì wà nínú àwọn tí a kó. Ní ọdún 1865 ni a fi òfin fòpin sí oko-ẹrú ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí a ti tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò ní ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a fa ìlà sí ilẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú pé kí ó má ṣe kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Chicago, ìlú ńlá tí ó wà ní etí adágún omi Michigan. Láàárín ọdún 1910 àti ọdún 1920, iye àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń gbé inú rẹ̀ ti nǹkan bí 44,000 di nǹkan bí 109,000. Wọ́n ń sá kúrò nínú ìyà àti ìpànìyàn láìgbẹ́jọ́ tí ó wà ní ìhà gúúsù, wọ́n sì ń wá iṣẹ́ ní ìhà àríwá. Nígbà tí wọ́n dé, adúgbò tóóró kan ni a há wọn mọ́. Ẹni tí ó bá ra ilé kọjá ààlà adúgbò náà kò lè sùn fọkàn balẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ọ̀ràn náà kà á pé láàárín oṣù Keje ọdún 1917 àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 1921, ìgbà 58 ni a ju bọ́ǹbù sí ilé àwọn aláwọ̀ dúdú, tàbí sí ti àwọn tí ó ta ilé fún wọn. Ìgbà 58! Púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí sì ti bú kí rògbòdìyàn tí a fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀. Ọjà ń ná, ọkọ̀ ń rìn, àwọn ìjòyè ìlú ń jókòó ní ipò wọn, a sì ń wí pé ìlú tòrò.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1919, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, oòrùn mú gidigidi. Ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Eugene Williams, ẹni ọdún 17, ń ṣeré nínú adágún náà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí òfin kan tí a kọ sílẹ̀ tí ó pín omi náà, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ̀ pé apá kan ni ti dúdú, apá kejì ni ti funfun. Omi gbé àwọn ọmọ náà kọjá ìlà tí ojú kò lè rí. Ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan ń sọ òkúta lù wọ́n láti etí omi; Eugene rì, ó sì kú. Àwọn ènìyàn dúdú tí ó wà níbẹ̀ tọ́ka ọkùnrin náà fún ọlọ́pàá, wọ́n ní kí ó mú un. Ọlọ́pàá náà kọ̀. Láti inú kíkọ̀ yìí ni ìjà ti ràn. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ènìyàn 38 ti kú, dúdú 23 àti funfun 15. Àwọn tí ó fara pa ju 500 lọ.

Ẹ kíyèsí ètò tí nǹkan wọ̀nyí fi ṣẹlẹ̀. Àwọn tí a pa ọmọ wọn kò kọ́kọ́ gbé òkúta. Ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Wọ́n nawọ́ sókè bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ti ṣe, ẹni tí ó yẹ kí ó wo ibẹ̀ kò sì wò. Òwe kan wà tí ó ní, bí iná kò bá tán ní aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Àwọn tí ó rí ẹ̀jẹ̀ Chicago pọ̀. Àwọn tí ó fẹ́ tú aṣọ náà wò láti wá iná inú rẹ̀ kò pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ ni a ń pè ní àlàáfíà, ìlú Tulsa ní ìpínlẹ̀ Oklahoma ìbá gba ẹ̀bùn ìlú alálàáfíà. Adúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, tí a ń pè ní Greenwood, lókìkí fún ọrọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Wọ́n ní ilé ìtajà, ilé ìtura, ìwé ìròyìn, dókítà, agbẹjọ́rò àti ilé ìsìn. Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 1921, a fi ẹ̀sùn kan ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń nu bàtà, Dick Rowland, pé ó kọlu ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun kan. Ogunlọ́gọ̀ aláwọ̀ funfun pé sí iwájú ilé ẹjọ́. Àwọn ọkùnrin dúdú kan mú ìbọn lọ síbẹ̀ láti dáàbò bò ó, kí a má bàa pa á láìgbẹ́jọ́. Àwọn kan nínú wọn sì ti wọ aṣọ ológun Amẹ́ríkà nínú ogun ńlá àkọ́kọ́. A ti fi orí irú wọn fọ́ àgbọn, ẹni tí a sì fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Ìbọn kan dún. Láti òru ọjọ́ 31 oṣù náà títí di ọjọ́ kejì, àwọn aláwọ̀ funfun kó Greenwood ní ẹrù, wọ́n sì fi iná sun ún. Ilé tí ó jó ju 1,000 lọ. Àwọn tí ó wádìí ìtàn náà gbà pé àwọn tí ó kú lè wà láàárín 100 àti 300.

Kí ni ìdájọ́ tí a ṣe? Ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tí ilé ẹjọ́ pè jọ ní oṣù Kẹfà ọdún náà, tí gbogbo wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun, di ẹ̀bi náà ru àwọn ọkùnrin dúdú tí ó mú ìbọn lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ̀sùn tí a fi kan Dick Rowland fúnra rẹ̀ ni a sì fagi lé. Lẹ́yìn èyí ni ìdákẹ́jẹ́ dé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni a kò fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Tulsa ní ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú wọn. Àwọn arúgbó tí ó rí i ń bẹ̀rù láti sọ ọ́ fún ọmọ wọn. Ó di ọdún 2001 kí ìgbìmọ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà yàn tó gbé ìwé ìwádìí rẹ̀ jáde. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ rò ó wò: ọgọ́rin ọdún ni ìlú fi dákẹ́! Ṣùgbọ́n itẹ́ òkú pẹ̀lú a máa dákẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ pè é ní ilé ayọ̀.

Olùkàwé lè wá bi wá pé, “Ṣé ẹ ń fi ọwọ́ sí ilé sísun àti olè jíjà ni?” Rárá o. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1965, ní adúgbò Watts ní ìlú Los Angeles, ọlọ́pàá dá ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ó ń wa ọkọ̀ dúró. Àríyànjiyàn di ìjàkadì, ìjàkadì di rògbòdìyàn ọjọ́ mẹ́fà. Ènìyàn 34 kú, dúdú ni ó pọ̀ jùlọ nínú wọn. Dúkìá tí ó ṣòfò tó nǹkan bí mílíọ̀nù 40 dọ́là. Abẹ́rẹ́ kò ṣàì sí níbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1964, àwọn olùdìbò California, nǹkan bí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta wọn, ti dìbò láti pa òfin kan rẹ́, èyí tí kò gba onílé láàyè láti fi àwọ̀ ara lé ènìyàn kúrò ní ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ṣé ilé àwọn tí ó dìbò náà ni iná Watts jó? Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ìtajà tí àwọn tálákà ibẹ̀ ti ń ra oúnjẹ ni iná jó. Iná kò mọ ẹni tí ó dìbò yàtọ̀ sí ẹni tí a dìbò lé lórí.

Ohun kan tún wà tí ó burú ju òfò dúkìá lọ. Ẹni tí ó bá lu aláìṣẹ̀ nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ẹni tí ó ṣẹ̀, ohun tí ó ń bá jà gan-an ni ó ti ṣe. Ó ti fi àwọ̀ ara ṣe ìdájọ́. Ìyà tí a fi jẹ ènìyàn lè mú kí a lóye ìbínú rẹ̀. Kò lè sọ ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ di omi.

Àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà kò sì ṣaláìmọ ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1955, ní ìlú Montgomery, obìnrin aránṣọ kan, Rosa Parks, kọ̀ láti dìde lórí àga fún aláwọ̀ funfun nínú bọ́ọ̀sì, a sì mú un. Láti ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, àwọn ènìyàn rẹ̀ kò wọ bọ́ọ̀sì ìlú mọ́. Ọjọ́ 381 ni wọ́n fi ń fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kí wọ́n fi ọkọ̀ ara wọn gbé ara wọn, nínú òjò àti nínú oòrùn: alágbàfọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀, olùkọ́, arúgbó. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1956, a ju bọ́ǹbù sí iwájú ilé olórí wọn, Martin Luther King, pásítọ̀ ẹni ọdún 27, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ilé. Ọlọ́run yọ wọ́n. Kí ó tó dé láti ibi ìpàdé, àwọn ènìyàn rẹ̀ ti péjọ pẹ̀lú ìbínú, ohun ìjà sì wà lọ́wọ́ àwọn kan. Ó dúró ní iwájú ilé rẹ̀ tí ó fọ́, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé ohun ìjà wọn padà lọ sí ilé. Wọ́n sì lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin tí ó ya dúdú sọ́tọ̀ nínú bọ́ọ̀sì Montgomery kò bá ìwé òfin ilẹ̀ náà mu.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì ìtàn yìí dáradára. Àwọn wọ̀nyí kò sọ òkúta, wọn kò sun ilé. Ìrìn ẹsẹ̀ ni wọ́n ń rìn. Síbẹ̀, ní oṣù Kejì ọdún 1956, ilé ẹjọ́ fi ẹ̀sùn kan nǹkan bí 90 nínú wọn pé wọ́n rú òfin, a sì pè wọ́n ní adàlúrú. Nípa èyí ni a fi mọ̀ pé ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ kò ní fẹ́ràn ohùn kankan, ìbáà ṣe igbe, ìbáà ṣe kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn yìí dùn wá láti sọ, nítorí tí ó kan ilé wa. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1963, tí í ṣe ọjọ́ Ẹtì Rere, àwọn àlùfáà aláwọ̀ funfun mẹ́jọ ní ìpínlẹ̀ Alabama kọ ìwé ìkéde kan sí àwọn ará ìlú Birmingham. Bíṣọ́ọ̀bù méjì wà nínú wọn tí wọ́n jẹ́ ti Ìjọ Ẹpisikópà, ìjọ tí ó jẹ́ ìbátan Ìjọ Áńgílíkàn tiwa. Wọ́n ní ìwọ́de àwọn aláwọ̀ dúdú kò bọ́gbọ́n mu, àkókò rẹ̀ kò sì tíì tó. Kí wọ́n ní sùúrù, kí wọ́n lo ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ náà gan-an ni a gbé King lọ sí ẹ̀wọ̀n. Láti inú ẹ̀wọ̀n ni ó ti dá wọn lóhùn nínú ìwé gígùn kan, níbi tí ó ti fi hàn pé àìsí ariwo nìkan kọ́ ni àlàáfíà, àti pé níbi tí òdodo bá wà ni àlàáfíà tòótọ́ wà. Àwọn àlùfáà wọ̀nyí kì í ṣe òṣìkà. Ní oṣù Kìíní ọdún náà, púpọ̀ nínú wọn ti gba àwọn ènìyàn tiwọn níyànjú pé kí wọ́n tẹ̀lé ìdájọ́ ilé ẹjọ́. Àṣìṣe wọn jọ tiwa ní kíláàsì kẹta. Ariwo ni wọ́n gbọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, a fi bọ́ǹbù fọ́ ilé ìsìn àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní Birmingham, ní àkókò ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi; ọmọbìnrin mẹ́rin kú, ọ̀kan jẹ́ ẹni ọdún 11, àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́ ẹni ọdún 14. Èyí ni ìlú tí a ti ń wí fún àwọn òbí wọn pé kí wọ́n má ṣe dà á rú.

Ìṣòro kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Ní ọdún 1967, lẹ́yìn rògbòdìyàn Newark tí ó pa ènìyàn 26 àti ti Detroit tí ó pa 43, Ààrẹ Lyndon Johnson yan ìgbìmọ̀ láti wádìí ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1968 ìgbìmọ̀ náà sọ gbangba pé ìwà ìyàsọ́tọ̀ tí àwọn aláwọ̀ funfun ń hù ni gbòǹgbò ọ̀ràn náà. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹrin ọdún 1968 ni a yìnbọn pa King ní Memphis. Iná sì sọ ní ìlú tí ó ju 100 lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù kan náà, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí ó kọ̀ fún onílé láti fi àwọ̀ ara yan ayálégbé tàbí olùrà. Ẹnìkan lè wí pé, “Ẹ ò rí i bí? Iná ni ó mú òfin wá.” A dáhùn pé, láti ọdún 1966 ni irú òfin náà ti wà níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí a sì ń fi falẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé èéfín ni ó mú wọn yára, ẹ̀gàn ni èyí jẹ́ fún àwọn tí ó jókòó sórí àga ìgbọ́ràn, kì í ṣe ìyìn fún iná. Olùkọ́ tí kò dá ọmọ tí ó nawọ́ sókè lóhùn, tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ọmọ bá ké ni ó tó yíjú padà, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ́ kíláàsì rẹ̀ ní ariwo pípa.

Ẹ̀kọ́ yìí kò sì tíì gbó. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ní ìlú Minneapolis, ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun kan fi orúnkún tẹ ọrùn aláwọ̀ dúdú kan, George Floyd, mọ́lẹ̀ fún ohun tí ó ju ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ, bí ó tilẹ̀ ń ké pé òun kò lè mí, títí ó fi kú. Ìròyìn tí àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ gbé jáde mú un bí ẹni pé àìlera ni ó pa á. Ìlú ìbá sì dákẹ́, bí kò bá ṣe ti ọmọbìnrin ẹni ọdún 17 kan tí ó dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí ó sì fi fóònù rẹ̀ ya gbogbo rẹ̀. Ẹni ọdún 17 ni Eugene Williams tí ó rì ní ọdún 1919. Ẹni ọdún 17 ni ọmọbìnrin tí ó jẹ́rìí ní ọdún 2020. Ìwọ́de tàn ká Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ òkèèrè. Púpọ̀ jùlọ nínú rẹ̀ lọ ní ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n a sun ilé, a sì kó ọjà ní àwọn ibì kan. Ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin Floyd fúnra rẹ̀ lọ sí ibi tí a ti pa á, ó bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe ba ìlú jẹ́ nítorí rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2021, ilé ẹjọ́ dá ọlọ́pàá náà lẹ́bi ìpànìyàn.

Kí ni ìdáhùn wa nígbà náà? Ẹni tí ó gún ọmọnìkejì rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ba àlàáfíà jẹ́, ìbáà ṣe ní ìdákẹ́jẹ́ ni ó ṣe é. Ẹni tí ó jókòó ní ipò onídàájọ́ tí ó di etí rẹ̀ ni ó ṣe ìkejì. Ẹni tí ó sì ju iná sí ilé aláìṣẹ̀ yóò dáhùn fún iná tirẹ̀. Ẹ̀bi kì í ṣe bí àkàrà àwo kan, tí ti ẹnìkan yóò fi dín nítorí pé ẹnìkejì ti bù nínú rẹ̀. Olúkúlùkù ni yóò jẹ tirẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kí rògbòdìyàn má ṣe sí, kí ó má ṣe dúró títí di ọjọ́ igbe kí ó tó wá a. Kí ó wá a ní ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́, kí ó bèèrè ohun tí ó wà lábẹ́ tábìlì.

Ní ọjọ́ kejì tí ọmọbìnrin náà bá wa sọ̀rọ̀, a pe ọmọkùnrin tí a nà jáde níwájú gbogbo kíláàsì, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbà olùkọ́ kan sọ fún wa pé a ti ṣe àṣìṣe, pé àwọn ọmọ kò ní bẹ̀rù wa mọ́. Bóyá òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ náà, ọmọ mẹ́ta nawọ́ sókè láti sọ ohun tí ń dùn wọ́n, tí wọn kò sì ké. Láti ìgbà náà wá, bí a bá ń kọ̀wé sí pátákó, a kì í pẹ́ kí a tó yíjú padà.